Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnì Corolla mi ti kú, mo fẹ́ fi géèjì wo compression fúnra mi nílé

Ọmọ_Rẹ́mọ:

Ẹ kú dédé ìwòyí o ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin àǹtí wa. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ kówó dànù.

Corolla 2003 ni mo ń wà, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 1ZZ, ọ̀tọmátíìkì ni. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìkòròdú ni mo ń ná. Tí mo bá dúró nínú gò-sílóò báyìí, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì, ó ń mísì, tí mo bá wá tẹ tọ́rọ́tù á kọ́kọ́ lọ́ra kó tó lọ, iná check engine á sì máa ṣẹ́jú sí mi. Rìwáyà fi skánà wò ó, P0302 ló gbé jáde, ó ní sìlíńdà kejì ni kì í ṣiṣẹ́. A ti ra pílọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a tún gbé kọ́ìlì ìkejì lọ sórí ìkẹta, gbé injector náà ní ìpààrọ̀, P0302 yẹn náà ló ṣì ń gbé jáde, kò kúrò lójú kan.

Mẹkáníìkì mi wá gbé etí lé e bí ìṣẹ́jú díẹ̀, kò tú nǹkan kan o, ó ní "ẹ́ńjìnì yìí ti rẹ̀, ẹ lọ wá owó ká lọ gbé tọ́kúnbọ̀ ní Ládípò". Lóòótọ́ ó ń mu ọ́ìlì, mi ò ní parọ́, oṣù kì í parí kí n má fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó ti kú tán, ṣé á tún máa gbé mi lọ gbé mi bọ̀ báyìí?

Ẹ̀gbọ́n mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n wo compression, ìyẹn agbára tí sìlíńdà fi ń tẹ afẹ́fẹ́, kí n tó ná kọ́bọ̀, ó ní géèjì tó fẹ́ yá mi, èyí tí wọ́n ń wé ẹnu rẹ̀ sínú ihò pílọ́ọ̀gì. Ṣé ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì lè ṣe é nílé láìba nǹkan jẹ́? Kí ni kí n tú, kí ni kí n pa kí epo má baà gbiná? Nọ́ńbà wo ló dáa, èwo ni kò dáa? Mo mọ sípánà dì mú díẹ̀ o, èmi ni mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti brake pad rẹ̀ fúnra mi.

Sípánà10:

Àbúrò, ó ṣe é ṣe nílé dáadáa. Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnì ti kú tí kò fi géèjì kàn án, ifá ló dá, babaláwo gan-an á sì kọ́kọ́ ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ohun tí géèjì yẹn ń wò ni bí píísìtìn ṣe lè há afẹ́fẹ́ mọ́lé tó nígbà tó bá ń gòkè. Mẹ́ta ni ohun tó ń há a mọ́bẹ̀: rìǹgì tó wà lára píísìtìn, fáàfù tó wà lókè, àti top gasket tó wà láàárín top cylinder àti ìsàlẹ̀. Èyí tó ń jò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ń wá, òun náà ló sì máa sọ iye tó o máa ná.

Kọ́kọ́ rí i pé bátìrì rẹ kún, torí tí bátìrì bá ti ń ṣòjòjò, kíìkì sítátà ò ní yí ẹ́ńjìnì yára tó, nọ́ńbà gbogbo sìlíńdà á wálẹ̀, wàá wá rò pé ẹ́ńjìnì ló bàjẹ́. Tí NEPA ò bá jẹ́ kó o ráyè chárjì í, fi jumper so ó mọ́ ọkọ̀ ẹlòmíì. Wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká kó gbóná, gbé e sí P, fa handbrake, pa á, kó o fi í sílẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú. A ò fẹ́ kó tutù pátápátá, àmọ́ má tú pílọ́ọ̀gì nígbà tó bá ṣì ń jóni lọ́wọ́. Àlúmíníọ̀mù ni top cylinder ọkọ̀ yìí, tó bá gbóná tó o fipá tú u, tírẹ́ẹ̀dì inú ihò lè bá pílọ́ọ̀gì jáde, o sì ti ra wàhálà mìíràn nìyẹn.

Ṣí ike tó bo orí ẹ́ńjìnì, yọ ẹnu wáyà kúrò lára kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sípánà 10 ló ń tú bóòtù wọn, fà wọ́n jáde kó o tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Kó o tó tú pílọ́ọ̀gì, fẹ́ ìdọ̀tí inú kòtò yẹn dànù dáadáa, torí gbogbo eruku Ìkòròdú tó ti jókòó síbẹ̀, inú sìlíńdà ló máa já sí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 ló ń tú u. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo máa tú lẹ́ẹ̀kan náà o, má ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí kíìkì lè máa yí i nírọ̀rùn bákan náà. Wo ojú pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan tó o bá yọ ọ́, èyí tó bá dúdú tó ń yọ̀ ti ń rí ọ́ìlì nìyẹn.

Ti epo àti iná tó o bèèrè: àpótí fíùsì kan wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, fa èyí tí wọ́n kọ EFI sí jáde. Ó máa pa brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì), injector ò ní wọ́n epo, kọ́ìlì náà ò ní ta iná. Má fo èyí jọ̀ọ́. Èéfín epo tó ń tú jáde nínú ihò mẹ́rin tó ṣí sílẹ̀, tí iná kọ́ìlì tún ń ta nítòsí, o mọ ibi tó máa já sí. Yàtọ̀ sí ti iná, epo tó bá ń wọlé máa ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, nọ́ńbà á wálẹ̀ lásán.

Ọwọ́ lásán ni kó o fi wé géèjì sínú ihò, má fi sípánà fún un. Apá ibi tí belt wà ni sìlíńdà àkọ́kọ́, tẹ̀ lé e láti ibẹ̀, kejì, kẹta, kẹrin. Ní kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá kó tó kíìkì, torí tí tọ́rọ́tù bá pa, ẹ́ńjìnì ò ní rí afẹ́fẹ́ mí sínú, géèjì á sì parọ́. Wàá máa gbọ́ fùù, fùù, fùù. Ka mẹ́fà tàbí méje, kó dáwọ́ dúró, kọ nọ́ńbà sílẹ̀, tú afẹ́fẹ́ inú géèjì dànù, bọ́ sórí ìkejì. Iye fùù tó o kà fún ti àkọ́kọ́ náà ni kó o kà fún gbogbo wọn. Fún kíìkì sítátà nísinmi díẹ̀ láàárín. Ìwọ tó o wà níwájú ẹ́ńjìnì, má wọ bùbá ọlọ́wọ́ gbọọrọ, belt ń yí níbẹ̀.

Nísinsìnyí nọ́ńbà. 10 sí 1 ni ẹ́ńjìnì yìí ń tẹ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká jẹ́ bíi 14.7 psi (òun la fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), tó o bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá wàá rí 147, àmọ́ géèjì máa ń gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ torí afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ lójijì máa ń gbóná, tó bá sì gbóná agbára rẹ̀ á lé sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 1ZZ tí ara rẹ̀ ṣì le, o lè rí 170, 180, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n géèjì kan yàtọ̀ sí òmíì, olówó pọ́ọ́kú náà pọ̀ lọ́jà, má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó o wò. Bí àwọn ará wa ṣe máa ń ṣe é ni pé èyí tó kéré jù ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ga jù lọ. Tí gíga jù bá jẹ́ 180, tí o wá rí èyí tí kò tó 135, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Toyota fúnra wọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 15 psi ni ìyàtọ̀ tí wọ́n gbà.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni fùù àkọ́kọ́. Sìlíńdà tó dáa, abẹ́rẹ́ géèjì á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á ti ju ìdajì lọ. Tó bá jẹ́ rìǹgì ló ti jẹ, fùù àkọ́kọ́ á kéré, á wá máa gun òkè díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ fáàfù, ó lè kéré láti ìbẹ̀rẹ̀ kó sì kọ̀ láti gòkè, bó ti wù kó o kíìkì tó. Ní kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò ojú géèjì, wàá rí i dáadáa.

Èyí tó bá kéré, fa ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bíi ṣíbí tíì kan sínú síríńjì, fi rọ́bà tín-ín-rín sí i lẹ́nu kó lè délẹ̀, tú u sínú sìlíńdà yẹn, fi àkísà bo ihò náà kó o kíìkì lẹ́ẹ̀kan kí ọ́ìlì lè tàn ká, kó o tún wò ó. Tí nọ́ńbà bá fò sókè, rìǹgì ni, torí ọ́ìlì ló bá a dí àlàfo. Tí kò bá yí padà, fáàfù tàbí top gasket. Má da ọ́ìlì púpọ̀ síbẹ̀ o, ọ́ìlì kì í ṣe é tẹ̀ bí afẹ́fẹ́, ó lè tẹ connecting rod, ọ̀pá tó so píísìtìn mọ́ crank.

Ọmọ_Alágbàrá:

Ẹ̀gbọ́n Sípánà ti sọ ọ́ tán ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gbèjà iṣẹ́ wa díẹ̀, torí mẹkáníìkì ni èmi náà. Ẹ̀yin kọ́sítọ́mà kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Tí mo bá lo wákàtí méjì láti fi géèjì wo ẹ́ńjìnì, tí mo ní ẹ fún mi ní nǹkan, ẹ máa ní "ṣebí ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan". Ohun tí kọ́sítọ́mà bá fojú rí ni wọ́n máa ń sanwó fún, tí wọ́n bá rí ẹ́ńjìnì nílẹ̀ tí wọ́n gbé òmíì wọlé, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ ti ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń fi àtàǹpàkò dí ihò pílọ́ọ̀gì, tí afẹ́fẹ́ bá ti ta á dànù wọ́n á ní ó dáa.

Àtàǹpàkò ò burú láti fi mọ̀ bóyá compression wà tàbí kò sí rárá. Ṣùgbọ́n kò sí àtàǹpàkò tó lè mọ ìyàtọ̀ 120 sí 170, àgbà ọ̀jẹ̀ mẹkáníìkì ò lè mọ̀ ọ́n. Géèjì yẹn kò wọ́n tó owó ẹ́ńjìnì, ẹ rà á.

Nǹkan kan tún wà, géèjì tó ní ẹnu rọ́bà tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ mọ́ ihò, ẹ má gbé e wá sórí 1ZZ. Inú kòtò jíjìn ni pílọ́ọ̀gì rẹ̀ wà, kò ní débẹ̀. Èyí tó ní okùn rọ́bà gígùn, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 14mm tó ṣe é wé, ni kẹ́ ẹ lò.

Alájọ_Houston:

Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà bíi tèmi, ẹ má ra géèjì rárá, ẹ lọ sí AutoZone, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, wọ́n máa ń yáni ní irinṣẹ́ yìí, ẹ máa fi owó dúró, tẹ́ ẹ bá dá a padà wọ́n á dá owó yín padà.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ti tọ́rọ́tù. Corolla ti arákùnrin yìí, okùn wáyà ló ń fa tọ́rọ́tù rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á ṣí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá jẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣí tọ́rọ́tù, tẹ́ ẹ bá ti fa fíùsì EFI jáde, ẹ lè gun orí pẹ́dà kẹ́ ẹ máa jó, awẹ́ inú tọ́rọ́tù ò ní mira torí brain box ti sùn. Ẹ rí i bóyá ẹ máa yọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ kúrò kẹ́ ẹ fi ohun rírọ̀ tí kò lè já wọlé dá awẹ́ yẹn dúró ní ṣíṣí. Ẹ má fi ọwọ́ sí i o, tí iná bá padà dé ó lè pa lójijì, eyín rẹ̀ ò dáa fún ìka.

Ará_Jos:

Yorùbá tó ń gbé Jos ni mo jẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹni tó bá wà lókè bíi tiwa má sá lọ ra ẹ́ńjìnì nítorí nọ́ńbà Èkó. Ìlú wa ga bíi mítà 1,200 sókè òkun, afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ bíi ìdá 13 nínú 100. Ọkọ̀ tó bá gbé 175 ní Èkó, bíi 150 lẹ máa rí níbí, kò sì sí nǹkan tó ṣe é. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣáà ti jọra, ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ.

Ìyá_Ẹlẹ́ja:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé mo lè fi géèjì yìí wo bọ́ọ̀sì mi tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, èyí tí a fi ń kó ẹja? Òun náà ti ń lọ́ra láti jí láàárọ̀.

Sípánà10:

Màmá, rárá o. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ń tẹ afẹ́fẹ́ ju ti epo lọ fíìfíì, ó lè gbé 400 psi, géèjì ti epo á fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Tiẹ̀ yàtọ̀, ihò glow plug tàbí ti injector ni wọ́n ń wé e sí. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ dísẹ́ẹ̀lì bá yín wò ó, àmọ́ tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń lọ́ra, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n wo glow plug, òun ló ń mú inú sìlíńdà gbóná kí ẹ́ńjìnì tó jí.

Ọmọ_Rẹ́mọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi ẹ ṣeun gan-an, mo ti ṣe é o. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ni, òun ló wà nínú ọkọ̀ tó ń kíìkì. Nọ́ńbà rèé:

Àkọ́kọ́ 178
Ìkejì 92
Ìkẹta 175
Ìkẹrin 180

Mo da ọ́ìlì sínú ìkejì bẹ́ ẹ ṣe wí, ó di 96, kò kúrò níbẹ̀. Nínú fídíò tí a yà, ti àkọ́kọ́ abẹ́rẹ́ fò dé bíi 110 nínú fùù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ti ìkejì ń rákò ni, kò tiẹ̀ gòkè mọ́ lẹ́yìn fùù kẹrin. Pílọ́ọ̀gì ìkẹta àti ìkẹrin ní dúdú díẹ̀ lẹ́nu, kò tutù. Mẹkáníìkì mi rí nọ́ńbà yẹn, ó ní "ṣé ẹ rí i, mo ti sọ fún yín pé ẹ́ńjìnì ti kú". Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni?

Sípánà10:

Irọ́ ni. Mẹ́ta nínú mẹ́rin sọ 175 sókè, ẹ́ńjìnì wo ló kú níbẹ̀? Ọ̀kan ló ń jò, ọ́ìlì ò sì bá a dí, nítorí náà kì í ṣe rìǹgì. Kì í sábà jẹ́ gasket láàárín sìlíńdà méjì náà, torí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, aládùúgbò rẹ̀, àkọ́kọ́ tàbí ìkẹta, ló yẹ kó bá a wálẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró gbọn-in. Owó mi wà lórí fáàfù.

Kí ọ̀rọ̀ wá dájú, wá fọkanáísà tó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀. Kó bá ẹ yọ nípù kékeré tó wà nínú ẹnu okùn géèjì, irinṣẹ́ tó fi ń yọ ti táyà á yọ ọ́. Tọ́jú nípù yẹn dáadáa, má jẹ́ kó fi ti táyà rọ́pò ẹ̀ lẹ́yìn náà, sípríǹgì ti táyà le jù, géèjì rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nọ́ńbà tó kéré. Fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 19 yí bóòtù crank pulley (àgbá ìsàlẹ̀ tó ń yí belt) lọ sí ọ̀nà tí aago ń yí, fi ìka dí ihò sìlíńdà kejì, tó o bá mọ̀ ọ́n pé afẹ́fẹ́ ń tì ọ́ lọ́wọ́, fi straw tí wọ́n fi ń mu ohun mímu sínú ihò, máa yí i títí straw yẹn á fi gòkè dé òpin. Ibẹ̀ ni fáàfù méjèèjì, ti àbáwọlé àti ti àbájáde, yẹ kó pa. Wé okùn rọ́bà náà sí i, kí fọkanáísà fún un ní afẹ́fẹ́ kékeré, 30 sí 40 psi ti tó, tó bá pọ̀ jù á yí ẹ́ńjìnì padà. Yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lórí crank kó o tó jẹ́ kó tẹ afẹ́fẹ́, kó má baà gbá ẹ.

Wá gbé etí sílẹ̀. Tí ó bá ń dún ṣìì nínú salẹ́ńsà lẹ́yìn ọkọ̀, fáàfù àbájáde ni. Tó bá jẹ́ nínú tọ́rọ́tù ni, fáàfù àbáwọlé. Tí omi rédíétọ̀ bá ń ru fọ́ọ́mù, gasket tàbí top cylinder tó ti là. Níbi tí a ń da ọ́ìlì sí, á máa dún díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì èyíkéyìí, ìyẹn ò ní kó ẹ láyà sókè.

Ti ọ́ìlì tó ń mu, ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ ìyẹn. Rìǹgì mẹ́ta ló wà lára píísìtìn, méjì òkè ló ń há afẹ́fẹ́, ìkẹta ìsàlẹ̀ ló ń ha ọ́ìlì. Àwọn 1ZZ ìgbà yẹn, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lẹ́yìn rìǹgì ìkẹta kéré, ọ́ìlì tó ti jóná á dí i, rìǹgì á wá lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì fi lè máa mu ọ́ìlì kí compression rẹ̀ sì dáa bíi tìẹ. Ẹni tó bá fi mímu ọ́ìlì sọ pé compression ti kú, ó pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Máa wo dípísítíìkì, máa fi kún un, pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ọkọ̀ púpọ̀ ń gbé ayé bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Alágbàrá:

Tó bá tiẹ̀ wá di dandan kó o ra tọ́kúnbọ̀, gbé géèjì yẹn dání lọ sí Ládípò. Ẹ́ńjìnì tí gearbox àti kíìkì sítátà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ lè fi bátìrì àti jumper yí i nílẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ wo compression rẹ̀. Tútù ni, nọ́ńbà á kéré díẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa wò. Ẹni tó ń tà á tí kò bá gbà kẹ́ ẹ wò ó, ẹ rékọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Ọmọ_Rẹ́mọ:

Fọkanáísà ẹnu ọ̀nà wa ti bá mi ṣe é. Ẹ̀gbọ́n, salẹ́ńsà ló ń dún! Mo gbé ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ mi lọ́wọ́, àbúrò mi tó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà ń gbọ́ ọ. Tọ́rọ́tù dákẹ́, rédíétọ̀ dákẹ́. Kí ló kàn? Ṣé kí wọ́n sọ top cylinder kalẹ̀?

Sípánà10:

Dúró ná, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú top. Jẹ́ kó tutù mọ́jú, ṣí ìdérí òkè tó bo camshaft (ọ̀pá tó ń tẹ fáàfù kó ṣí), kí wọ́n fi feeler gauge wọn àlàfo tó wà láàárín camshaft àti ife orí fáàfù. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní ohun tó ń fúnra rẹ̀ ṣe àtúnṣe àlàfo náà, ife irin lásán ni. Ní tútù, fáàfù àbáwọlé yẹ kó wà láàárín 0.15 sí 0.25 mm, ti àbájáde 0.25 sí 0.35. Bí fáàfù ṣe ń jẹ ìjókòó rẹ̀ lọ, ńṣe ló ń gòkè, àlàfo á máa tán. Tó bá tán, fáàfù ò ní lè jókòó dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, compression á wálẹ̀, tó bá sì pẹ́ á jó etí fáàfù náà jẹ.

Ọmọ_Rẹ́mọ:

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí lójú mi. Sìlíńdà kejì, ọ̀kan nínú fáàfù àbájáde méjèèjì, 0.10 gan-an ò wọlé. Èkejì rẹ̀ 0.27. Gbogbo àwọn yòókù wà láàárín ohun tẹ́ ẹ pè. Mẹkáníìkì mi dákẹ́, ó ní òun á wá ife náà.

Sípánà10:

Ó dáa. Tí wọ́n bá yọ ife yẹn, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fín sínú rẹ̀, sísanra rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó tín-ín-rín jù ú lọ ni wọ́n máa rà, kí wọ́n yọ iye àlàfo tó sọnù kúrò nínú ẹ, kí wọ́n má fojú dá a. Tí wọ́n bá ti fi sí i tán, da gbogbo ẹ̀ padà kó o wa ọkọ̀ náà díẹ̀, kó o tún wo compression ìkejì. Tó bá padà sí 160 tàbí 170, o ti bọ́. Tó bá ṣì ń gbé 100, fáàfù yẹn ti jóná nìyẹn, top máa kúrò kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù kan kí wọ́n sì gíráìn ìjókòó rẹ̀, kò sì tún tó owó ẹ́ńjìnì lọ́nàkọnà.

Ọmọ_Alágbàrá:

Kí wọ́n má gbàgbé chain tó ń yí camshaft o. Camshaft gbọ́dọ̀ kúrò kí ife tó lè jáde, kí wọ́n sàmì sí chain àti jíà méjèèjì, kí wọ́n so chain mọ́kè kó má já sínú. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ chain tensioner (ohun tó ń mú chain le) tó wà lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì méjì ló dì í mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yọ orí síta kò sì ní padà mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ dá a padà, kí wọ́n tì í wọlé kí wọ́n fi ìkọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é tán kí wọ́n yí crank pulley sẹ́yìn díẹ̀ kí ìkọ́ náà lè tú. Kí wọ́n fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì yíká lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó kíìkì í.